Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dáhùn, ṣùgbọ́n n ò lè bẹ̀rẹ̀ láìkí yín.

Wọ́n fi mí ṣe adájọ́ ìdíje fíìmù ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwa mẹ́ta ni: èmi, olùkọ́ yunifásítì kan, àti obìnrin kan tó máa ń ṣètò lórí rédíò. Àwọn fíìmù tí wọ́n fi ìwé ìtàn àròsọ ṣe la fẹ́ wò, pẹ̀lú àwọn tó ń sọ ìtàn ìlú. Nígbà tí mo rí orúkọ fíìmù àkọ́kọ́ lórí ìwé tí wọ́n fún wa, mo tún un kà. Èyí tí a jọ wò ní pálọ̀ yín ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni.

Ṣé ẹ rántí? Ẹ gbé ìwé ìtàn tí wọ́n fi ṣe é lé orúnkún, ẹ fi pẹ́ńsù há etí bíi káfíńtà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń wo fíìmù tí wọ́n bá fi ìwé ṣe. Bí òṣèré bá fo ọ̀rọ̀ kan, ẹ ó fa ìlà sí i. Iṣẹ́ tíṣà ò kúrò lára yín, àní lẹ́yìn tí ẹ fẹ̀yìn tì.

Fíìmù ò tíì rìn jìnnà tí ìyàwó inú rẹ̀ fi pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Àdùkẹ́. Ẹ ní kí n dá a dúró. Ẹ ní ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Orúkọ tuntun ló máa ń fún un. Ẹ rán mi létí pé Eyínfúnjowó ni màmá wa pe àbúrò yín títí wọ́n fi kú, àti pé Eyínfúnjowó náà ni ìyàwó inú ìwé ń pe ọmọ yẹn. Àwọn ọmọ mi ti ń kùn. Ni mo bá dá yín lóhùn pé, “Bàámi, fíìmù lásán ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn gbádùn ara wọn.”

Ẹ ò bínú. Ẹ pa ìwé dé, ẹ ní ká máa wò ó lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò gbé ìwé dání mọ́ tí a bá ń wo fíìmù. Ẹ ó kàn fọwọ́ lẹ́rán títí ìrun Alásárì yóò fi tó. Mo rò pé ẹ ti gbà pẹ̀lú mi. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ilé parọ́rọ́.

N ò ka ìwé yẹn rí, Bàámi. Mo sọ fún yín pé mo ti kà á, irọ́ ni. Ìgbà tí wọ́n fi mí ṣe adájọ́ ni mo tó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, mo tú àpótí yín, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín kà á tán. Nínú ìwé, ọmọ náà ṣàìsàn, ó sì kú mọ́ ìyàwó náà lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló tó ké orúkọ rẹ̀: Àdùkẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé. Ẹ fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, “Kó lè gbọ́.”

Nínú fíìmù, igbe yẹn ò jọ nǹkan kan, torí ó ti ń pe orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ibi tí ẹ ń bọ̀ nìyẹn, ká ní mo jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀?

Nígbà tí a jókòó láti fún wọn ní máàkì, mo sọ àṣìṣe orúkọ yìí. Olùkọ́ yunifásítì yẹn, tí kò ju àkọ́bí mi lọ, rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, fíìmù ṣáà ni.” Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an. Ó ní ìyàwó òun náà ń pe àbúrò òun lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó tíì kú. Obìnrin elérédíò rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

Ni mo bá sọ ohun tí n ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ọsibítù, lọ́jọ́ tí ẹ fi wá sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí n pe yín lórúkọ, bóyá ẹ ó gbọ́. Mo la ẹnu. Orúkọ tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń pè, kò jáde. Bàámi, Bàámi nìkan ni mo ń wí, ohun tí ẹ ti ń gbọ́ lẹ́nu mi láti kékeré. Ẹ ò lajú.

Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Fíìmù náà ṣì ṣe ipò kìíní. Àwọn méjì ló fọwọ́ sí i, èmi nìkan ni mo dá wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ àlàyé yín sínú ìwé tí a ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é. Pẹ́ńsù yín ni mo fi kọ ọ́. Nígbà tó kan orúkọ ẹni tó kíyè sí àṣìṣe náà, mo kọ orúkọ yín ní kíkún. Mo wá kà á sókè, èmi nìkan nínú yàrá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣé ẹ gbọ́?

Èmi ni, ọmọ yín tó pa yín lẹ́nu mọ́, tí àárò ohùn yín ń sọ.