Ilẹ̀kùn Tí Mo Tún Ṣe Láàárín Sátidé Méjì

Sí àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ilé. Ó dá mi lójú pé ara rẹ le, nítorí èmi tí mo bí ọ, ara mi le koko. Ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ọ́ tí o bá dúró pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ní tèmi, eyín mi pé, ojú mi ríran, mo ṣì ń gbé odindi pákó sí èjìká láìpe ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń fi ọ̀pá rìn ń wò mí, wọ́n ń mi orí.

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, ìwọ náà mọ̀, nítorí náà tí o bá rí ibi tí mo ti fa ìlà sórí ọ̀rọ̀, má fi mí ṣẹ̀sín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti wà nídìí rẹ̀. Ǹ bá ti kan ilẹ̀kùn méjì parí, pẹ̀lú férémù wọn.

Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi. O fẹ́ kí n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́, kí ilé ìwé lè yọ ọmọ rẹ kúrò ní kíláàsì fíìmù, kí wọ́n gbé e lọ sí ti nọ́ọ̀sì. O ní máàkì mọ́kànlá nínú ọgbọ̀n, ìtìjú ni, pé àwọn tó ń fi fíìmù ṣeré kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ kí n tó fọwọ́ kan bírò, ó yẹ kí o mọ ibi tí mọ́kànlá yẹn ti wá, torí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ òótọ́ rẹ̀ fún ọ. Ọmọ rẹ pàápàá kò sọ ọ́.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wọn fún wọn nìyí: kí wọ́n ya ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù kan, ìṣẹ́jú méjì péré, irú fíìmù tí àyà èèyàn á ti máa já kó tó mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pín in káàkiri kí àwọn èèyàn wò ó, kí wọ́n wá jókòó kọ ohun tí wọ́n rí kọ́ nínú rẹ̀, ibi tó dára àti ibi tó ti wọ́. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ṣe é. Ọmọ rẹ, tí mo ń pè ní Ìyá Kékeré nítorí bó ṣe ń pàṣẹ fún gbogbo wa, òun ni ọ̀gá. Ọmọbìnrin kan tí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí à ń pè ní Akọ̀wé, òun ló ṣe eré. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan báyìí, Agùntáṣọọ́lò, ló gbé kámẹ́rà, kámẹ́rà ilé ìwé.

Ó wá ku ibi tí wọ́n máa yà á sí. Wọ́n yí gbogbo àdúgbò ká, kò sí èyí tó wù wọ́n, àfi yàrá pákó tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ló wù wọ́n. O mọ ilẹ̀kùn yẹn. Ó ti hu èbu funfun, ó ti há nísàlẹ̀, bí o bá sì fọwọ́ tì í, á han kìíììì bí ẹni pé wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. Ìyá Kékeré ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i, ó ní, “Bàbá àgbà, ilẹ̀kùn yín yìí, òun ni òṣèré wa àgbà!” Inú mi ò dùn sí i. Èmi tí mo kan ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, tí mo kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá ńláńlá, èmi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onílẹ̀kùn láti ìta yìí dé ìta kẹrin, irú ilẹ̀kùn yẹn ló wá jẹ́ òṣèré!

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ní ọ̀sán gangan, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, yàrá náà sì ṣú dùdù. Akọ̀wé wọlé, ó ń pe bàbá rẹ̀ inú eré, “Bàbá? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń ké. Òwú ni Agùntáṣọọ́lò fi ń fà á láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo rí òwú náà, síbẹ̀ gbogbo irun orí mi dìde. Ilẹ̀ ti ń lọ kí wọ́n tó yà á dé ìdajì. Wọ́n ní àwọn á padà wá ní Sátidé kejì láti ya ìyókù, ibi tí ọmọbìnrin náà ti máa bojú wẹ̀yìn rí ilẹ̀kùn, tó máa sá.

Ọmọ mi, nígbà tí wọ́n lọ tán, mo dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní, ṣé inú fíìmù tí gbogbo ayé máa wò ni wọ́n ti máa rí ilẹ̀kùn tó ń sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi? Kí ni wọ́n máa sọ? Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti gbé iṣẹ́ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo yọ ilẹ̀kùn náà, mo fi ràǹdá fá a nísàlẹ̀, mo fi sáńpépà họ ọ́, mo kùn ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yọ àwọn híńjì àtijọ́, àwọn irin tó so ó mọ́ férémù, mo kó wọn fún ẹni tó ń ra irin àlòkù, mo fi híńjì tuntun sí i, mo fi òróró sí i. Mo gbá yàrá náà. Mo to pákó rẹ̀ láti orí èyí tó gùn dé orí èyí tó kúrú. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ẹtì, ọmọ tuntun lè sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà, kí a máa ṣí i kí a máa pa á dé, kò ní jí.

Ní Sátidé, wọ́n dé. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo ń retí kí wọ́n kí mi. Ìyá Kékeré fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó ṣí wẹ́rẹ́. Ó tún tì í. Wẹ́rẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá àgbà, ta ló ṣe èyí?” Mo ní, “Ta ló tún lè ṣe irú rẹ̀ ní gbogbo àgbègbè yìí? Èmi ni!” Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ayọ̀ ni. Mo tilẹ̀ sọ fún un pé kó má sunkún mọ́, pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Agùntáṣọọ́lò ló jókòó sílẹ̀, tó gbá orí mú, tó ní, “A ti gbé.”

Òun ló là mí lóye. Ìdajì fíìmù ti wà pẹ̀lú ilẹ̀kùn àtijọ́. Ìdajì kejì á wá bá ilẹ̀kùn tó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Ọmọbìnrin kan náà, yàrá kan náà, ìṣẹ́jú kan náà! Wọn ò sì lè bẹ̀rẹ̀ látorí, torí kámẹ́rà ní láti padà sí ilé ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn mìíràn ń dúró dè é. Mo sáré lọ bá ẹni tó ra irin. Ó ti kó wọn lọ.

N kì í ṣe ẹni tí í jókòó sunkún, ìwọ náà mọ̀. Mo ní ó kéré tán, mo máa dá igbe náà padà fún wọn. Mo fi èédú pa ojú ilẹ̀kùn, kò jọ ọ́. Mo da iyẹ̀pẹ̀ sí híńjì, kò ké. Ogójì ọdún ni mo ti fi ń kọ́ bí ilẹ̀kùn kò ṣe ní ké, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú un ké mọ́. Ìgbà tó yá, mo gbá àga àtijọ́ kan mú, mo fi èèkàn igi gbígbẹ há inú ihò ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ó ké! Ó ké ju ilẹ̀kùn lọ! Wọ́n gba ohùn yẹn sílẹ̀, wọ́n tò ó mọ́ àwòrán. Ohùn tí o máa gbọ́ nínú fíìmù yẹn, ọwọ́ bàbá rẹ ni. Olùkọ́ wọn pàápàá yin ohùn náà. Àwòrán ló gé máàkì rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ilẹ̀kùn méjì ni ẹ lò.” Bí ó ṣe di mọ́kànlá nìyẹn.

Ó wá kan pínpín rẹ̀ káàkiri. Wọ́n gbé e sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, ìgbà mẹ́tàdínlógún péré ni wọ́n wò ó, Agùntáṣọọ́lò nìkan sì ti wò ó nígbà mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ gbé e wá, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń tan ọjà kálẹ̀ ju èmi tí mo ti ń fi ẹnu ta ilẹ̀kùn láti ìgbà èwe mi? Gbogbo oníbàárà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kí n tó fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó máa kọ́kọ́ wo fíìmù. Mẹ́tàlélógún ló wò ó. Ìyàwó pásítọ̀ kan ju báàgì rẹ̀ nù. Akọ̀wé ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní kí n fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹgbẹ́ káfíńtà lórí fóònù, pé àwa tó wà níbẹ̀ lé ní igba. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní káfíńtà kankan ò gbọdọ̀ rí i. Kí wọ́n rí ilẹ̀kùn tó ń ké ní ṣọ́ọ̀bù mi? Láéláé!

Ìgbà yẹn ni máàkì dé, tí fọ́ọ̀mù rẹ sì tẹ̀ lé e. Ìyá Kékeré kò jiyàn. Ó ka ìwé tí wọ́n fẹ́ fún olùkọ́ wọn sí mi létí. Níbi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn wà, ohun tó kọ ni pé, “Àwa ni a kò yẹ ibi iṣẹ́ wò kí ọjọ́ kejì tó pé. Ẹ̀bi wa ni.” Mo ní, “Èmi ńkọ́?” Ó ní, “Ẹ̀yin báwo, Bàbá àgbà?” Mo ní, “Níbo lo ti sọ̀rọ̀ mi?” Ó wolẹ̀. Ó ní, “Gbogbo èèyàn ló mọ̀ yín. Mi ò lè kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.” Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún! Mo padà sídìí iṣẹ́, mo ń fa ràǹdá lórí pákó kan ṣoṣo, ìgbà tí ojú mi fi máa là, pákó ti fẹ́lẹ́ bíi bébà.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ aṣọ, mo lọ bá olùkọ́ náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó lo gíláàsì. Ó ní kí n jókòó. Mo kọ́kọ́ dojú àga rẹ̀ délẹ̀, ìṣó rẹ̀ ti tú, mo bá a gbá a wọlé kí n tó jókòó. Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì. Ó ní òun ò lè yí mọ́kànlá padà, torí àwòrán ni òun fún ní máàkì, ilẹ̀kùn méjì sì ni ilẹ̀kùn méjì. Àmọ́ ó ní, “Bàbá, ìwé tí wọ́n ń kọ tún ní máàkì ọgbọ̀n tirẹ̀. Òótọ́ ni mo fẹ́ kà níbẹ̀.”

Mo délé, mo ní kí Agùntáṣọọ́lò yọ fóònù. Mo dúró síwájú ilẹ̀kùn mi tó ń dán, mo wí pé, “Èmi Bàbá Onílẹ̀kùn, èmi ni mo ba iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí jẹ́. Wọ́n bá ilẹ̀kùn tó wúlò fún wọn, mo tún un ṣe láìbéèrè.” Mo fi ọwọ́ ara mi fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ káfíńtà, òun àti fíìmù. Wàhálà dé! Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi ọjọ́ méjì. Alága wa ní, “Bàbá, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹ gbé àpótí ìjókòó yín dání!” Òmíràn ní ìgbẹ̀yìn ọ̀gá nìyí. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n fi han ìyàwó, wọ́n fi han ọmọ.

Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn. Nínú oníbàárà mẹ́tàlélógún, kò sí ẹyọ kan tó rí i pé ilẹ̀kùn di méjì, ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n rí i. Àwọn káfíńtà, gbogbo wọn ló rí i, ẹ̀rù ò sì bà wọ́n mọ́. Ìyá Kékeré kọ ọ́ síwèé pé kí èèyàn tó ya fíìmù, kó mọ ẹni tó máa wò ó. Ó kọ ọ̀rọ̀ mi náà síbẹ̀, láìfi ohunkóhun pamọ́. Ní àná, olùkọ́ fún wọn ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n. Pa á pọ̀ mọ́ mọ́kànlá, wọ́n ti yege.

Mo mọ̀ pé mo lè pàṣẹ fún ọ, kí o sì gbà á nítorí pé bàbá rẹ ni mí. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ. Ìwọ lo bí ọmọ yìí, bí o bá ṣì fẹ́ kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà lẹ́yìn tí o ka lẹ́tà yìí tán, mo máa fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti wo ọwọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pẹ́, ojú mi kì í tàn mí jẹ níbẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, òun ló fẹ́ jìyà rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó máa bá a lọ. O ò gbọ́ “mo bẹ̀ ọ́” lẹ́nu mi rí, mo mọ̀. Kò rọrùn láti kọ, mo fa ìlà sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, á gbà ọ́. Ìwọ àti ọmọ rẹ yóò jọ jókòó, ẹ ó jọ rẹ́rìn-ín, ojú mi yóò sì rí i. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ, tó sì ń fi ọ́ yangàn,
Bàbá Onílẹ̀kùn.

Àfikún: Obìnrin kan wo fíìmù náà, ó wá bá mi pé kí n kan ilẹ̀kùn tó ń ké bẹ́ẹ̀ fún òun, kí òun lè máa mọ ìgbà tí ọkọ òun bá wọlé. Mo ní kó sọdá lọ bá káfíńtà tó wà ní ọ̀kánkán mi, gbogbo tirẹ̀ ló ń ké.