Wọ́n Ní Mo Ti Rù

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án
Ìyá Abdulsobur tún dá mi dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀, òógùn ṣì ń ṣàn lára mi. Ó ní, "Ìyá Hamdalah, ṣé kò sí o? Ẹ ti rù jù." Kò sí kí ni? Nígbà tí mo sanra, tí ẹsẹ̀ mi ń wú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ kí n tó gun àtẹ̀gùn, wọ́n ní mò ń jayé. Àtọ̀gbẹ ló ń jẹ mí lára, wọn ò mọ̀. Láti ìgbà Iléyá ni mo ti ń rìn láti Egan lọ sọ́nà Akẹ́sàn lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni mo fi rọ́pò búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ṣúgà ti wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì Matilda ní kí n má dẹwọ́, pé títí ayé ni. Àwọn aládùúgbò sì ń wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ sin.

Ọjọ́bọ̀, 4
Ọ̀gá Wa — ọkọ mi, Jàfárù — ní wọ́n bi òun ní mọ́ṣáláṣí bóyá òun ṣì ń fún ìyàwó òun lóúnjẹ. Ojú tì í. Ó ní kí n sinmi ìrìn yẹn díẹ̀, kí ara mi lè kún, kí àwọn èèyàn lè sinmi ẹnu. Ṣé nítorí ẹnu àwọn èèyàn ni kí n ṣe kú? Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó ń tẹ nǹkan. Inú bí mi débi pé mo rán apá bùbá oníbàárà sódì.

Ọjọ́ Àìkú, 7
Màmá mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dì mí lápá mú, wọ́n ń wo ọrùn mi, ni wọ́n bá bú sẹ́kún. "Bí Ìdíátù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí." Àbúrò mi tó kú. Ó rù, ó rù, títí ó fi lọ. Mo ní àìsàn kọ́ ló ń ṣe èmi, pé ara mi ń dá sí i ni. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Láti ọ̀la lọ, àwọn ni yóò máa po ògì mi láàárọ̀, láìsí ṣúgà. Ó kéré tán, ẹnì kan gbà mí gbọ́ nínú ilé yìí.

Ọjọ́rú, 10
Rìn dé Akẹ́sàn, kò rẹ̀ mí. Ayé dùn ṣá.

Ọjọ́ Ẹtì, 19
Ebi. Ebi burúkú. Jẹ ẹ̀wà tán, tún bu òmíràn, tún họ ìkòkò Ọ̀gá Wa. Irú ọ̀fun wo nìyí? Mo bú ara mi bí ẹní bú olè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27
Síkẹ́ẹ̀tì tí mo rán kéré lóṣù tó kọjá kò padé mọ́. Ojú mi rí roboto. Bẹ́ẹ̀ mò ń rìn lójoojúmọ́. Ìyá Abdulsobur ní, "Ẹ ti ń bọ̀ sípò, a dúpẹ́." Ọ̀gá Wa rẹ́rìn-ín músẹ́ nídìí oúnjẹ. Mo rí i. Ẹ̀rín yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30
Ilé ìwòsàn ní Ìgàndó. Ṣúgà mi ga ju ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì Matilda gbé àgbọ̀n mi sókè. "Oògùn asanra wo lẹ ń lò, mà?" Mo búra pé n ò lo nǹkan kan. Ó ní òun mọ ojú tó bá wú báyìí. Oògùn wẹ́wẹ́ kan ni wọ́n ń tà kiri, ó ń mú ebi pani, ó ń mú ara kún, ó sì ń gbé ṣúgà gòkè. "Àwọn míì ò mọ̀ pé àwọn ń lò ó, ẹlòmíì ló ń lọ̀ ọ́ sóúnjẹ wọn. Ẹ wá a rí, kẹ́ ẹ mú un wá fún dókítà."

N ò wá ẹnikẹ́ni jìnnà. Mo délé, mo kó aṣọ Ọ̀gá Wa síta. Mo pè é ní apààyàn lójú gbogbo ayálégbé. Ó ní kí n gbé Kùránì wá kí òun búra. Mo ní kó má fọwọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ kàn án. Ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní Ìdímù láìbá mi jà. Màmá jókòó sílé ìdáná.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá
Màmá ni.

Wọ́n tú kókó etí ìró wọn láàárọ̀, wọ́n gbé oògùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ògì. "Jàfárù ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mò ń lọ̀ ọ́ sí i. Wọ́n ní kò ní í pa ọ́ lára, pé ó kàn máa jẹ́ kó o sanra ni." Mo pariwo mọ́ ìyá tó bí mi. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀lé Ìdíátù ni. Wọ́n ní, "Ọ̀kan rù mọ́ mi lọ́wọ́, mò ń wò ó. Mi ò lè wo ìkejì." N ò rí ibi tí mo lè gbé ìbínú náà sí.

Dókítà gba oògùn náà. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni òun á máa dín in kù fún mi. Ọ̀gá Wa ò gbé fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, 5
Ọ̀gá Wa dáhùn níkẹyìn. Ó ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ sọ òtítọ́ fún gbogbo ayálégbé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mà á lọ.

Láti ìjẹta ni mo ti ń da ògì Màmá nù lójú wọn, tí mò ń po tèmi. Lónìí, wọ́n tún gbé e wá. Wọ́n jókòó síwájú mi, wọ́n bu ṣíbí kan mu, wọ́n tún bu òmíràn, bí ẹni tó gbé ẹmu fún àlejò tí kò fọkàn tán an. Ìyá mi ló ń tọ́ oúnjẹ wò fún mi. Wọ́n nu ṣíbí náà mọ́ ìró, wọ́n nà án sí mi.

Inú ṣì ń bí mi gan-an. Mo mu ún tán, mo wọ bàtà, mo jáde lọ rìn.