Asẹ́ Tí Mo Fi Imú Mi Yàn

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìdí ògì, ẹ kú ọyẹ́ tó ń la èèyàn létè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà mi kan ilẹ̀. Mo kí Bàbá Àgbà. Mo kí gbogbo agboolé wa l'Áyétòrò tó ti kóra jọ sídìí lẹ́tà yìí, torí mo mọ̀ pé kò sí lẹ́tà tó ń wọ agboolé wa tí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Kẹ́yìndé, ìwọ ni kó o kà á. Kà á sókè, má sì fo ibi tó bá dùn. Táyé, má já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Màámi, ara mi ò balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé Èkó. Ẹ̀bá títì Àgbádárìgì ní Òkokomáíkò ni ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Múfú wà, ibi tá a ti ń tún jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà ṣe. Tírélà tó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀ á kọjá, ilẹ̀ á mì, èmi náà á mì. Tí mo bá jókòó, orúnkún mi á máa jó. Tí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Owó ò tíì sí nínú àpòòwé yìí, ọmọ iṣẹ́ ni mí. Oúnjẹ ni Ọ̀gá ń fún mi, mo sì ń yó. Èèyàn pọ̀ bí èèrà níbí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n bí lé ìbejì. Nílé, tí mo bá ṣe ìranù, ẹ ó ní ẹ fi í sílẹ̀, Ìdòwú ni. Níbí, wọ́n á kàn wá igi tí wọ́n máa fi nà mí ni.

Ohùn ni mo ń kó jọ. Mo mọ ohùn kọ̀ndọ́ tó ń pe èrò sínú ọkọ̀, mo mọ ohùn wòlíì aláṣọ funfun tó ń wàásù lójúde wa. Èyí tó dùn jù lẹ́nu mi ni ti Ọ̀gá fúnra rẹ̀, torí imú ló fi ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ò fi sílẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan dúró níta, ó béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ òun ti yá. Ọ̀gá wà lẹ́yìn, ó ń ṣe àlùwàlá. Èmi wà lábẹ́ tábìlì. Mo fi ohùn Ọ̀gá dá a lóhùn pé kó máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, torí pé ó jọ ìyá ìyàwó èmi Ọ̀gá. Màámi, ọkùnrin onírùngbọ̀n ni o. Ó sì gbé e lọ!

Ọ̀gá ò nà mí, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní òun ò lè lu ọmọ tí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ fún òun, ṣùgbọ́n tí mo bá tún ṣe ohun kan sí i báyìí, ẹrù mi á di inú mọ́tò Ayétòrò. Mo rántí bí ẹ ṣe kúnlẹ̀ lójú mi, tí eruku lẹ̀ mọ́ ìró yín nígbà tẹ́ ẹ dìde. Mo ti sá kúrò nílé ìwé. Bí mo bá tún sá wálé láìkọ́ṣẹ́ parí, kí lẹ máa sọ fún àwọn oníbàárà yín?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìdánwò dé. Ọ̀gá sójà kan láti bárékè Ọ̀jọ́, Méjọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, gbé mọ́tò kékeré kan wá, tí kò tóbi ju ajá lọ. Òkè òkun ló ti mú un bọ̀. Ẹ má rò pé tọmọdé tó ń lo bátìrì ni. Ẹ́ńjìnì gidi ló wà nínú rẹ̀, kékeré bí ìkúùkù ọmọ ọwọ́, epo olóòórùn kan tí wọ́n ń pè ní náítírò ló ń mu. Ẹni tó ń wà á á dúró lókèèrè, á mú rìmóòtù dání, mọ́tò á máa sáré bí eku tí iná jó nírù, á máa ké wíììì. Méjọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi tiwọn díje ní pápá bárékè ní Sátidé.

Asẹ́ rẹ̀ ló bàjẹ́, èyí tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní fítà. Òun ló ń bo ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí, kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí eruku dúró síta. Fóòmù rẹ̀ ti jẹrà, ó ń rún bí àkàrà àná. A wá irú rẹ̀ dé Alábà, a ò rí. Méjọ̀ ní ká wá nǹkan mìíràn fi dípò, ṣùgbọ́n kí eruku má wọlé o, torí á họ ẹ́ńjìnì nínú, á sì pa á, kò sì síbi tí wọ́n ti ń tà á nílùú yìí. Ọ̀gá wò mí. Ó ní ìka mi ló kéré tó o, kí n ṣe é, kí n sì rántí mọ́tò Ayétòrò.

Ọ̀gá ní kí n lo kakí, pé aṣọ tó ki ni eruku ò lè gbà kọjá. Mo wé e, a tan ẹ́ńjìnì. Dípò wíììì, ó wúkọ́ bíi Bàbá Àgbà láàárọ̀ (ẹ má bínú o, Bàbá), ó sì kú. Kò rí afẹ́fẹ́ mí. A ò sì lè máa fi ẹ́ńjìnì olówó gọbọi dán aṣọ wò nínú eruku. Mo wá ro ó pé imú ta ló wà nílẹ̀ tá a lè bà jẹ́? Tèmi ni.

Mo lọ sí Ìgbó-Elérin, lójú ọ̀nà tí kò lọ́dà, tí ọ̀kadà ti ń da eruku bo èèyàn. Màá so nǹkan mọ́ imú, màá sáré tẹ̀lé ọ̀kadà, màá wá fọn imú sínú aṣọ funfun. Mo so aṣọ nẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo fọn jáde pupa bí amọ̀. Mo so fóòmù tí mo gé lábẹ́ tìmùtìmù àga Ọ̀gá (kò tíì mọ̀ nígbà yẹn), mo ń mí dáadáa, ṣùgbọ́n pupa náà ni. Ìyá kan tó ń ta kẹrosíìnì pariwo pé ta ló ṣe ọmọ yìí, ọmọ tó rẹwà báyìí. Ó ní kí n jẹ́ ká lọ rí wòlíì. Mo fi ohùn wòlíì dá a lóhùn pé ara mi ti yá lórúkọ Olúwa, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Níbi tí mo ti ń sá lọ ni mo rántí yín. Ẹ kì í da ògì sórí asẹ́ gbígbẹ. Ẹ máa kọ́kọ́ rẹ aṣọ náà sómi, ẹ ó fún un, kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ sẹ́nu ìkòkò. Mo bi yín nígbà kan, ẹ ní asẹ́ gbígbẹ ò lọ́wọ́ tó fi ń di nǹkan mú. Mo rẹ fóòmù sómi, mo fún un, mo so ó mọ́ imú, ó di ẹ̀yìn ọ̀kadà. Mo fọn imú. Funfun báláú!

Ṣùgbọ́n omi máa ń gbẹ, ẹ́ńjìnì ò sì gbọdọ̀ mu omi. Ọ́ìlì ni kì í gbẹ. Mo fi ọ́ìlì rẹ fóòmù, mo fún un títí kò fi kán mọ́, mo wé e ní ìpele méjì, mo fi wáyà dè é lọ́rùn. Ọ̀gá béèrè ẹni tó kọ́ mi pé kí n máa fi ọ́ìlì pa asẹ́. Mo ní Màámi ni. Ó wò mí bí ẹni tó ti ń wo ibi tí mọ́tò Ayétòrò máa gbà.

Ní Sátidé, eruku pápá bo bàtà àwọn sójà. Mọ́tò ń ké wíììì, èmi náà ń bá a ké e nínú ọ̀fun, ohùn wa ṣe ọ̀kan, mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ń mí. Inú mi dùn jù. Màámi, ẹ mọ ohun tí ìdùnnú máa ń ṣe sí ẹnu mi. Mo dúró lẹ́yìn Méjọ̀, mo ṣe ohùn ẹ́ńjìnì tó ń kú: wíì, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, kọ́. Méjọ̀ fò sókè, ó dá mọ́tò dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó borí. Ojú Ọ̀gá di eérú. Méjọ̀ ní ká tú fítà náà lójú òun, pé eruku ti pa ẹ́ńjìnì òun.

Mo tú u. Ojú fóòmù tó wà níta ti di amọ̀. Méjọ̀ yọ áńkáṣíìfù funfun, ó tì í bọ ọ̀fun ẹ́ńjìnì, ó yí i, ó fà á yọ. Kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Ó wá béèrè pé kí ló wá ń wúkọ́. Kí n tó di ẹnu mi mú, ó ti tún wúkọ́ bí ẹ́ńjìnì: kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, kọ́. Àwọn sójà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ń jábọ́. Méjọ̀ nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká. Bí mo ṣe ń fò, mò ń gbọ́ tí àwọn tó kù ń bi Ọ̀gá pé ọjọ́ wo làwọn lè gbé tàwọn wá kí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn bá àwọn ṣe asẹ́ rẹ̀.

Èmi àti Ọ̀gá jọ padà dé Ìyànà Ìbà. Ó wá ní mọ́tò Ayétòrò ti lọ láìgbé mi, ṣùgbọ́n kí n wá fóòmù dá padà sínú àga òun, torí ìdí òun ti mọ irin. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tún ṣe ohùn ẹ́ńjìnì yẹn fún òun gbọ́, jẹ́jẹ́, kí ẹlòmíràn má gbọ́.

Màámi, ẹ wá wo ayé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lé mi wálé, tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo fi di Èkó mú. Nísinsìnyí tí ẹnikẹ́ni ò lé mi mọ́, ilé ni ẹsẹ̀ mi ń fẹ́. Tí mo bá fún fóòmù tán, mo máa ń gbé e súnmọ́ imú. Kì í rùn bí ògì. Mo ti ṣe ohùn gbogbo ayé ní Òkokomáíkò, ó ku tiyín. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ ṣe máa ń polówó ògì láàárọ̀. Ohùn náà kú lẹ́nu mi bí ẹ́ńjìnì inú kakí.

Asẹ́ yín ò ní ya. Eruku ayé ò ní rí ọ̀nà ọ̀fun yín gbà. Kí ikọ́ Bàbá Àgbà rọlẹ̀, kí àwọn ìbejì máa ṣe dáadáa. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nídìí lẹ́tà yìí, títí kan àwọn tó ní mi ò ní pẹ́ padà wálé.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹnu ẹ̀ ò gbélé,
Ìdòwú.