Àjèjì Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn Kọ̀ǹpútà

"Fajúro! Ohun tí mo bá sọ ni kó o kọ o! Má fi tìẹ kún un, má sì gbé ojú yẹn sí mi, ẹnì kankan ò kú!"

Bọ̀dá mi, ohun tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo láti ẹnu ọ̀nà yàrá nìyẹn. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí àwọn bá sọ, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí wọ́n sọ. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀ bí ọmọdé, Màmá ni. Èmi ò dán irú ẹ̀ wò.

Àkọ́bí mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé ìyàwó ń bẹ dáadáa, ṣé ọmọ ń mu ọmú? Àwa náà ń mí, orúnkún mi ṣì ń ro mí tí mo bá fẹ́ dìde, òrùlé ilé ìdáná ti ń jò sínú ìkòkò, ewúrẹ́ yẹn sì ti bí méjì, ojú ọ̀kan jọ ti télọ̀ tó wà níwájú ilé wa, mi ò sì lè bá télọ̀ náà sọ̀rọ̀ mọ́ kí n má rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run tó sọ ilé ọmọ di tìẹ kò ní jẹ́ kó o sunkún nínú ẹ̀. Má bínú pé o ò gbọ́ ohùn wa láti ọjọ́ yìí wá. Àjèjì kan ló dí ọ̀nà.

Ní gbogbo àárọ̀ tí Fajúro bá ti tan kọ̀ǹpútà tó o fi sílẹ̀, èyí tójú ẹ̀ dúdú tí kò ní àwòrán kankan àfi ọ̀rọ̀ funfun, kó tó gbé lẹ́tà rẹ wá, ẹnì kan á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fajúro ní kì í ṣe èèyàn, ó ní ilé tí wọ́n ń kó lẹ́tà sí ni, ó mú ìwé ẹ̀rí wá láti fi hàn pé òun kọ́ ni olè. Kọ̀ǹpútà á wá sọ pé ìwé ẹ̀rí náà ò tíì tó àsìkò tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á ní ṣé kí òun kọ̀ ọ́, ṣé kí òun gbà á lẹ́ẹ̀kan, àbí kí òun gbà á títí láé. Mo bi Fajúro pé ọmọ ta ni, kò mọ̀. Mo ní níbo ló sùn mọ́jú, ó pòṣé sí mi. Ta ló máa gba ẹni tí kò mọ̀ sílé títí láé? Mo ní kó kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kí i, kí wọ́n má bàa sọ pé mi ò kọ́ ọmọ.

Bọ̀dá, mo kí i lóòótọ́. Mo tẹ ẹ káàárọ̀ sà sí i, kọ̀ǹpútà sì ń súfèé ní gbogbo bọ́tìnnì tí mo tẹ̀ títí ó fi kan èyí tó dúró fún kíkọ̀, ó sì lé e lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe láràárọ̀ látìgbà òjò. Mo mọ̀ pé kò dáa, mi ò mọ ohun tí kò dáa níbẹ̀. Àtìgbà tí ẹ̀yin àti Màmá ti pariwo mọ́ra yín lórí fóònù nítorí ìyàwó yín, lẹ́tà yìí nìkan ló kù láàárín yín, a sì ń lé e padà pẹ̀lú ìkíni.

Lánàá ni mo fẹ́ wo déètì ní igun kọ̀ǹpútà kí n lè kọ ọ́ sórí lẹ́tà. Ọdún tí eyín iwájú mi yọ ni mo bá níbẹ̀. Mo jókòó tì í, inú ń bí mi, ó wá yé mi. Màmá máa ń fa wáyà ẹ̀ yọ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á fi ògbólógbòó ìró wé e, wọ́n ní ohun tó bá ṣiṣẹ́ látàárọ̀ gbọ́dọ̀ sùn. Bátìrì inú ẹ̀ sì ti kú. Gbogbo ìgbà tó bá jí, ó ti gbàgbé ọdún tí a wà, ìwé ẹ̀rí ọdún yìí á wá dà bí ìwé tí wọn ò tíì kọ lójú ẹ̀. Àjèjì yẹn ò purọ́ rárá. Mo tún déètì ṣe, kò sì bi wá ní ìbéèrè kankan mọ́. Lẹ́tà yín mẹ́ta ló wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Àkọ́bí mi, nígbà tí mo rí ohun tó o kọ, omijé bọ́ lójú mi. Ìlà kan kò yé mi, ìlà kan kò yé Fajúro, gbogbo ẹ̀ rí wúruwùru bí ìgbà tí adìyẹ bá tú eruku. Mo ní àbí èdè ìyàwó rẹ nìyí. Mo ní tó bá jẹ́ òun ni, màá kọ́ ọ, kí Fajúro bá mi wá bí wọ́n ṣe ń kí ìyàwó ọmọ ẹni nínú ẹ̀. Ó ní o ti lẹ́tà náà pa ni, kí ará ìta má bàa kà á, pé kọ́kọ́rọ́ wà. Mo gbé ẹní, mo gbé àpótí, mo tú abẹ́ ibùsùn, mi ò rí kọ́kọ́rọ́.

Bọ̀dá, mo ṣàlàyé fún wọn títí ó rẹ̀ mí. Mo tẹ gbólóhùn tí ẹ ní kí n máa fi ṣí i, èyí tí Màmá fi máa ń jí wa nígbà tí a wà ní kékeré, pé oòrùn máa jó wa nídìí. Ó ṣí. Mo ka ti àkọ́kọ́ sí wọn létí, pé ẹ tọrọ àforíjì, pé ìyàwó ti bímọbìnrin, pé Màmá nìkan lẹ fẹ́ kó sọ ọmọ lórúkọ. Mo ka ìkejì, pé ẹ ṣì ń dúró, pé tí orúkọ bá ti dé kí èmi máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín, kí n padà sílé ìwé. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn jókòó.

Àkọ́bí mi, orúkọ ìyá tó bí mi ni kó o sọ ọ́. Mo ti dárí jì ọ́, kí ìwọ náà dárí jì mí. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àga kan sẹ́nu ọ̀nà, àjèjì yẹn ti dúró pẹ́, ojú ń tì mí. Ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ, o ò ní pè é kó má dáhùn.

Màmá ti jáde lọ sọ fún télọ̀ pé àwọn ti di ìyá àgbà. Ohun tí mò ń kọ láti ibi yìí, màá pa á rẹ́ kó tó lọ.

Èmi nìkan ni mo ka lẹ́tà kẹta. Bọ̀dá ní àwọn ti rí i pé Màmá ti kọ àwọn, pé ìyá ìyàwó ti sọ ọmọ lórúkọ, pé lẹ́yìn oṣù yìí àwọn ò ní wo àpótí lẹ́tà yìí mọ́. Tí wọ́n bá ka bí Màmá ṣe ní kí n máa kọ àjèjì yẹn, wọ́n á rẹ́rìn-ín lónìí, lọ́la wọ́n á rántí ariwo orí fóònù, wọ́n á ní Màmá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo mọ bọ̀dá mi.

Nítorí náà màá pa lẹ́tà kẹta rẹ́, Màmá ò ní gbọ́ nípa ẹ̀. Ibi tí mo kọ pé Màmá ní kí n kọ̀ ọ́, màá pa ìyẹn náà rẹ́. Màá kọ pé èmi ni, pé Màmá bá mi wí, inú bí mi, mo sì ń lé lẹ́tà yín padà. Wọ́n á gbà á gbọ́. Wọ́n mọ ojú mi. Kò sẹ́ni tó máa mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ ilé ìwé, mo mọ ìyẹn náà. Èmi ni mo kọ àjèjì yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe máa sọ ọ́ títí màá fi dàgbà.