Wọ́n Tún Ní Kí N Kọ Ọjọ́ Kìíní

Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo gbójú kọ̀wé sí yín. Ara mi le, mo sì ń jẹun. Ilé ẹ̀kọ́ ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni.

Òfin tuntun ní wọn kò gbọdọ̀ ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́lé ní òun nìkan kọjá ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó dára, àbí? Lánàá, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bàbá arúgbó kan pé. Wọ́dà mú un rìn dé ìdí fèrèsé, ó dá a padà sínú yàrá rẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, kọ ọjọ́ kìíní." Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, mo fọwọ́ sí i.

"Ọmọ mi, ó ku ọjọ́ mélòó?" ni bàbá náà bi mí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Wọ́dà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni!"

Mo yẹ ìwé náà wò sẹ́yìn: ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n ti kọ ọjọ́ kìíní fún un. Láàárọ̀ yìí, oúnjẹ rẹ̀ àná ṣì wà lẹ́nu ihò ilẹ̀kùn. Mo pè é, kò dáhùn. Wọ́dà ní kí n kọ ọ́ pé ó jẹun. Bóyá èmi ni n kò tíì mọ iṣẹ́ náà. Mo ti kọ ọ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí lẹ́tà yìí. Orúkọ mi nìkan ló wà lábẹ́ àkọsílẹ̀ àná àti ti òní.