Eré Èmi àti Ọmọ Mi Níwájú Adájọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Wọ́n ka ẹ̀sùn náà sí ọmọ mi létí lónìí. Ìpànìyàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un, "à ń wádìí, à ń wádìí" ni ọlọ́pàá ń wí. Ìwádìí ti bímọ báyìí. Akọ̀wé kóòtù kà á bí ẹni tó ń ka orúkọ èrò inú ọkọ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní kí ọmọ mi fèsì. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Ohùn rẹ̀ kéré — ọkùnrin tó máa ń fi ohùn bo ariwo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀!

Mo fẹ́ sọ fún wọ́dà pé ẹni tó jó irin ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ ọmọ mi pọ̀ kò mọ iṣẹ́, kó mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù jórinjórin wa. Mo ti lanu tán. Sójà já mi léèékánná lápá. (Sójà ni ìyàwó ọmọ mi. Èmi ni mo fún un lóyè náà, torí ó lè pàṣẹ fún òjò pé kó dúró.) Mo pa ẹnu dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

N kò jẹun. Mo parọ́ fún Sójà pé eyín ń dùn mí. Ó ní, "Èwo nínú àwọn mẹ́ta náà, Bàbá?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

A lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò wa. Òkè ilé olóògùn òyìnbó ni. Fáànù ibẹ̀ ń yí bí ẹni tí ẹsẹ̀ kan ń dùn. Obìnrin ni, kò tó ọmọ tí mo bí gbẹ̀yìn. Mo ti sọ ọ́ ní Ẹ̀rí-Dà, torí kò sí ohun tí o máa wí tí kò ní bi ọ́ pé ẹ̀rí dà. Mo ní ẹ káàárọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wá ẹ̀rí.

Ó ní kí n tún gbogbo rẹ̀ sọ. Jórinjórin ni ọmọ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó ti wọ ìbòjú dúdú rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ìbòjú yẹn, iná tó ń ta lára irin nìkan ló ń rí, ayé yòókù ti ṣú. Oníbàárà kan wọlé sí i látẹ̀yìn. Ọkùnrin náà ti ń bá a fa wàhálà láti bí ọ̀sẹ̀ kan, torí géètì tí ọmọ mi ṣe fún un tí kò pa dé dáadáa. Ó fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi ju ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Òòlù kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́n èépá kúrò lójú ibi tí wọ́n jó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ba ọkùnrin náà lẹ́bàá etí. Ó ṣubú, ó forí gbá igun tábìlì irin. Ọmọ mi gbé e sẹ́yìn, ó sáré gbé e dé ilé ìwòsàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkùnrin náà ti kú.

Oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì rí i. Rírí nìkan o. Jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Èmi wà nílé, mò ń fá irùngbọ̀n. Ọṣẹ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nígbà tí mo sáré débẹ̀.

Ẹ̀rí-Dà wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Ó ní a kò lè sọ pé kò sí níbẹ̀, torí ó wà níbẹ̀. A kò lè sọ pé ó ń gbèjà ara rẹ̀, àfi tí nǹkan kan bá wà lọ́wọ́ olóògbé. Kò sí. Ó ní ohun tó ń sọ ikú ènìyàn di ìpànìyàn ni ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é. Ṣé ó fẹ́ kí ó kú? Ṣé ó fẹ́ ṣe é léṣe gidi? Bí ìjọba bá fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni, ìdájọ́ ikú ni. Bí kò bá ní i lọ́kàn, ẹ̀sùn mìíràn wà tó kéré sí i, adájọ́ á sì mọ iye ọdún tó máa fún un. Ó ní ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ṣe nǹkan nítorí àṣìṣe, tó gba nǹkan gbọ́ tọkàntọkàn tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn ó lè lọ lómìnira.

Mo ní, "Lọ́yà, àṣìṣe ni! Ó rò pé èmi ni!"

Ó gbé bírò sílẹ̀.

Mo wá sọ ọ́. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́, bí mo bá ti rí i tó wọ ìbòjú, n ó yọ́ wọlé, n ó gún un níka níhà. Á fò bí ọ̀pọ̀lọ́, á ju ọwọ́ sẹ́yìn láìwò, èmi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má bà á bà mí. Eré wa nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ gbé fìlà mi lọ sórí òrùlé.

Ẹ̀rí-Dà tún mú bírò rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rí dà?"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Sójà kò fẹ́ rárá. Ó ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ dúró níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn, kí ẹ sọ pé ọmọ yín máa ń ju òòlù sí yín?"

Mo ní kì í ṣe èmi ló ń jù ú sí, èmi ni mò ń lọ bá a.

"Wọ́n á ní ọmọ tó lè na bàbá rẹ̀, ta ni kò ní pa?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. N kò rò ó débẹ̀. Eré tó dùn mí jù láyé, bí mo bá gbé e dé kóòtù, ó lè dàbí ìwà ọmọ burúkú. 

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Oníbúrẹ́dì gbà láti jẹ́rìí. Ó ti rí eré wa débi tó ti sú u. Ó ní òun rò pé orí mi ti ń dàrú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí tó ń dàrú ti wúlò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹ̀rí-Dà dá mi lẹ́kọ̀ọ́ bí ẹlẹ́rìí ṣe ń dáhùn. Ó ṣe bí ẹni pé òun ni agbẹjọ́rò ìjọba — Àkùkọ ni mo ń pe agbẹjọ́rò ìjọba náà, torí bó ṣe máa ń na ọrùn kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ mi ni?"

Ó ní, "Ṣé ọmọ yín máa ń bínú?"

Mo ní, "Tí ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ bá jóná."

Ó dìde. Ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo rò pé ó ń rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìdájọ́ ikú ni, Bàbá. Bí ẹ bá fi ẹnu yín yìí ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà, Àkùkọ yín á bi adájọ́ pé: ṣé ọ̀rọ̀ bàbá aláwàdà yìí la máa gbà gbọ́?"

Ó ti mọ orúkọ tí mo sọ Àkùkọ. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ tirẹ̀ náà.

Mo lé lọ́gọ́rin ọdún. N kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láìṣẹ̀fẹ̀ rí. 

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo dúró níwájú dígí. "Bẹ́ẹ̀ ni, olúwa mi. Bẹ́ẹ̀ kọ́, olúwa mi." Ojú mi fúnra rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kóòtù dá ọjọ́ fún wa — ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀, àwọn ẹlẹ́rìí á bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó olóògbé wá. Ó jókòó sí ìlà iwájú, báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ó di í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti fún lórúkọ. Mo gbìyànjú láti fún òun náà. Kò sí èyí tó wá sí mi lẹ́nu.

Nígbà tí a ń jáde, a pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ó yà fún mi kí n kọjá. Torí mo jẹ́ àgbà, ó yà fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin



Mo lọ kí ọmọ mi ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wáyà wà láàrin wa. Ó ti rù, èjìká rẹ̀ wá dàbí hángà aṣọ. Mo sọ fún un pé mo ti kọ́ bí mo ṣe máa dáhùn, mo fi bí n ó ṣe dúró hàn án, mo na ọrùn bí Àkùkọ. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má wá."

Mo ní, "Ṣé o rò pé n ó ba nǹkan jẹ́ ni?"

Ó sún mọ́ wáyà náà. Ó ní, "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Tàbí kí n sọ pé n kò fẹ́ kó yé mi.

Ó ní, "Ìhà lẹ̀yin máa ń gún mi. Èjìká ni òun gbá mú. Ó sì ti bú mi kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó pè mí ní olè, ó pè mí ní ọ̀lẹ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, Bàbá. Inú bí mi. Mo ju ọwọ́ kó lè fi mí sílẹ̀. Mo gbàgbé pé òòlù wà lọ́wọ́ mi. N kò fẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin."

Mo bojú wẹ̀yìn. Wọ́dà ń họ eékún, kò fiyè sí wa. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi nígbà náà, n kò mọ̀ pé ó wà nínú mi. Mo ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́. Ta ló mọ̀? Ìwọ àti Ọlọ́run. Ọlọ́run kì í wá jẹ́rìí ní kóòtù."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ti mọ̀ báyìí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi bàbá rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọdé. Mo dárúkọ Sójà. Mo dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Ẹ ti ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú mi láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹ kò parọ́ fún mi rí. N kò fẹ́ kí wọ́n mú yín búra lórí irọ́ mi."

Wọ́n ní àkókò ti tó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì

Mo rò ó síhìn-ín, mo rò ó sọ́hùn-ún. Eré náà, òótọ́ ni. Mo lè sọ ọ́ láìparọ́. Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé ó rò pé èmi ni, mo lè ní n kò sí nínú orí rẹ̀. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Àbí irọ́ ni?

Sójà bi mí pé báwo ni ọkọ òun. Mo ní ó ní kí n kí i.

Bí mo bá lọ sọ eré náà, ó lè padà wálé. Bí n kò bá lọ — n kò fẹ́ kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Ọmọ náà ti ṣíwájú mi. Ó ti ránṣẹ́ pe Ẹ̀rí-Dà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Mo bá Ẹ̀rí-Dà ní ọ́fíìsì, ó tẹ́ fáìlì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò kà á. Ó ní òun kò lè mú mi lọ síwájú adájọ́ mọ́ láti gbé ohun tí òun mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ró. Mo ní kó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Mo fẹ́ bínú sí i. N kò rí ìbínú náà.

Ó ní, "Bàbá, ó ku ohun kan, ohun náà kì í sì ṣe irọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ju ọwọ́. Kò wẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọkùnrin náà lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó fẹ́ pààyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ó fẹ́ lọ bá Àkùkọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n fa ẹ̀sùn ìpànìyàn yọ, kí ọmọ mi sì gbà pé òun jẹ̀bi èyí tó kéré.

"Bí Àkùkọ kò bá gbà ńkọ́?"

"A jẹ́ pé a máa jà á bí ó ti rí, nínú ẹ̀sùn ńlá náà, láìsí eré yín."

Mo sọ fún Sójà nígbà tí mo délé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìdáná. Kò pàṣẹ kankan fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Kò sí ìròyìn. N kò lè jókòó, n kò lè dìde.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Àkùkọ gbà.

Nínú kóòtù, adájọ́ ní kí ọmọ mi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Adájọ́ ní ṣé ó mọ ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi ní, "Mo mọ̀ ọ́n." Adájọ́ ní ṣé ó fẹ́ kó kú. Ọmọ mi ní, "Rárá, olúwa mi." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyàwó olóògbé, ó tọrọ àforíjì. Obìnrin náà yíjú kúrò. Ó di báàgì rẹ̀ mú. Kò sí ẹni tó lè bá obìnrin náà wí fún ìyẹn.

Ọdún mẹ́fà.

Sójà sunkún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó bi Ẹ̀rí-Dà pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń gbàlejò níbẹ̀. Sójà ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo ṣí fìlà fún obìnrin náà nígbà tó ń kọjá. Ohun tí mo lè ṣe nìyẹn.

Wọ́dà mú ọmọ mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo dì í lápá. Mo ní, "Máa lọ. N kò ní kú kó o tó dé."

Ó rẹ́rìn-ín — ẹ̀rín tí n kò rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ní yéé ṣẹ̀fẹ̀."

N kò ṣẹ̀fẹ̀.