Ó Búra, Èmi Sì Mọ̀ Pé Òótọ́ Ni

Ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́ o, torí bí wọ́n bá mọ̀ mí ní Òṣogbo yìí, ilé ò ní gbà mí, ọ̀nà ò ní gbà mí. Rewáyà ni mí, èmi ni mò ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Mo ba ayé ẹni tó ṣe mí lóore jẹ́, òun ni gbogbo èèyàn sì ń bú...

Ẹ jẹ́ n máa pè wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n Múfú. Àwọn ló bá mi bẹ onílẹ̀ tí mo fi rí ibi kọ́ ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo dé láti Iléṣà. Dírẹ́bà ni wọ́n, wọ́n ń bá Àlájì kan kó kòkó láti apá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Tírélà kékeré tòkunbọ̀ kan ni wọ́n ń so mọ́ ìdí pikọ́ọ̀pù, ó ní bíréèkì tirẹ̀ tó ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́. Tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì níwájú, iná á lọ sẹ́yìn, táyà tírélà náà á dúró. Àlájì wá ní kí pẹ́ńtà kan kun tírélà náà ní ọ̀dà tuntun. Láti ìgbà náà, Ẹ̀gbọ́n ní bí àwọn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ńṣe ni tírélà ń ti àwọn látẹ̀yìn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹrù ló pọ̀ jù. Mo yọ gílóòbù tẹ́sítà mi, mo fi ọ̀kan nínú wáyà rẹ̀ méjèèjì sí wáyà bíréèkì, mo fi ìkejì sí ara pikọ́ọ̀pù, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Gílóòbù tàn yòò, mo ní kí wọ́n máa lọ. Ara tírélà fúnra rẹ̀ ló yẹ kí n fi ìkejì yẹn sí! Iná tó bá lọ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà, ọ̀nà àbọ̀ yẹn ni mi ò yẹ̀ wò. Kí ló ń ṣe mí gan-an? Ìgbéraga ni, kò sí nǹkan míì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni tírélà tì wọ́n wọ igbó kí wọ́n tó dé Iléṣà. Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n kán, títí dòní orúnkún wọn ò ká. Wọ́n ní àwọn tẹ bíréèkì, tírélà ò dáhùn. Àlájì ní irọ́ ni, pé wọ́n sùn lọ nídìí ọkọ̀ ni.

Èmi náà ni Àlájì tún pè kí n wá tún wáyà so. Mo wọ abẹ́ tírélà... orí ọ̀dà tuntun yẹn ni pẹ́ńtà de wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́, èyí tí iná ń bá padà. Ọ̀dà kì í gbé iná. Ẹ̀yin ará, mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà yẹn kúrò, mo dè é padà dáadáa, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n wá dán an wò lójú ẹbí Ẹ̀gbọ́n nílé Àlájì, táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi. Wọ́n bi mí, mo ní kò sóhun tó ṣe é rí. Ni wọ́n bá gbé Kùránì síwájú Ẹ̀gbọ́n Múfú. Ẹ̀gbọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n gbọ́wọ́ lé e, wọ́n ní àwọn ò sùn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, abúra-èké ni àdúgbò ń pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ fún wọn mọ́, àwọn àbúrò wọn gan-an ò jẹ́ kí wọ́n ṣíwájú ìrun nílé mọ́. Inú ń bí mi sí Àlájì, inú ń bí mi sí ara mi, inú tiẹ̀ ń bí mi sí Ẹ̀gbọ́n tí wọn ò fura sí mi. Kí ló dé tí wọn ò fura?

Lánàá wọ́n tiro wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dúpẹ́ pé èmi nìkan ni mi ò pe àwọn ní onírọ́. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àbúrò, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé kì í ṣe pé mo sùn lóòótọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà jọ. Wọ́n ní ó dà bíi pé àwọn sùn, àwọn á gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti fi tánràn ìbúra èké. Àárọ̀ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ mi. Tí mi ò bá jẹ́wọ́ ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má pẹ́, ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́... ebi ẹ̀ṣẹ̀ mi ló ń pa wọ́n látàárọ̀. Ṣé kí n lọ bá wọn kí wọ́n tó ṣínu?